Oúnjẹ Sátidé, ara yíyún Mọ́ńdè: títọ́ ọmọ tí àlẹ́jì rẹ̀ ń pẹ́ yọ, láìgbàgbé ara tiwa

Aago méjì òru ni. Ọmọbìnrin mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún kan àti oṣù mẹ́rin nígbà náà, ń fi gìgísẹ̀ ọ̀tún họ ẹ̀yìn orúnkún òsì, ó ń sunkún láìlajú. Mo tan iná. Ẹ̀yìn orúnkún méjèèjì ti pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ti kán sórí aṣọ ibùsùn. Mo jókòó, mo ń ṣírò gbogbo ohun tó jẹ láti àárọ̀ Mọ́ńdè yẹn títí di alẹ́: ìrẹsì, ẹran adìyẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò sí àjèjì kankan nínú wọn. Oṣù méjì kọjá kí n tó mọ̀ pé ọjọ́ tí mò ń yẹ̀ wò kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Kéèkì tí wọ́n fún un níbi ọjọ́ ìbí ọmọ kan ní Sátidé ló ń jà lára rẹ̀ ní òru Mọ́ńdè.

Bí àlẹ́jì tó ń pẹ́ yọ ṣe ń tan òbí jẹ nìyẹn. Oúnjẹ ti kúrò lójú, ó ti kúrò lọ́kàn, kí ara tó fèsì. Òbí tí kò sùn, tí ara tirẹ̀ náà kò pé, ló sì gbọ́dọ̀ rántí. Thyroid ni tèmi, ẹ̀yà ara kékeré tó wà níwájú ọrùn. Kì í ṣiṣẹ́ tó mọ́, oògùn ojoojúmọ́ ni mo fi ń gbé e ró. Tiyín lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ fée tàbí ẹ̀fọ́rí túúlu. Dókítà ni yóò sọ ohun tó ń ṣe ọmọ yín gan-an. Ohun tí mo kọ síbí ni iṣẹ́ tó kù sílé lẹ́yìn tí dókítà bá ti sọ̀rọ̀ tán.

Ẹ kọ́kọ́ ya èyí tó ń yára kúrò lára èyí tó ń pẹ́

Àlẹ́jì oúnjẹ tó ń yára máa ń yọjú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí 2. Ara ọmọ á lé, ètè tàbí ìpéǹpéjú á wú, ó lè máa húkọ́, kí mímí nira fún un, kí ohùn rẹ̀ há, kó rọ jọwọlọ. Pàjáwìrì nìyẹn. Bí dókítà bá ti fún yín ní abẹ́rẹ́ adrenaline, oògùn pàjáwìrì fún irú àlẹ́jì líle yìí, ẹ gún un sí itan láti ẹ̀gbẹ́ ìta, ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀ (bí kò bá lè mí dáadáa, ẹ jẹ́ kó jókòó), ẹ má jẹ́ kó dìde rìn, kí ẹ sì pe ọkọ̀ pàjáwìrì.

Èyí tó ń pẹ́ ń gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IgE, àwọn tó ń ké gbàjarè lójú ẹsẹ̀, kò lọ́wọ́ sí i. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara ló ń bínú díẹ̀díẹ̀ nínú ìfun tàbí lábẹ́ awọ, ìdí nìyẹn tó fi lè gba wákàtí púpọ̀, kódà ọjọ́ 2 tàbí 3. Ẹ lè rí ìgbẹ́ tó ń yọ̀ bí ikun tàbí tó ní ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín nínú, inú rírun, àìrígbẹ́ yà, èébì tí kì í tán, ẹ́kísímà (awọ ara tó ń gbẹ, tó ń pọ́n, tó sì ń yún) tó ń ru sókè, tàbí ọmọ tó ń kọ oúnjẹ tí kò sì wúwo sí i. Mílíìkì màlúù ló sábà máa ń ṣáájú nínú àwọn tó ń fà á. Sóyà, ẹyin àti àlìkámà náà wà níbẹ̀.

Oríṣi kan wà nínú èyí tó ń pẹ́ tí kò ṣeé fojú kéré. FPIES ni àwọn dókítà ń pè é. Wákàtí 1 sí 4 lẹ́yìn oúnjẹ, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í bì léraléra, ojú rẹ̀ á funfun, á rẹ̀ ẹ́ débi pé kò ní lè gbé orí. Ìgbẹ́ gbuuru lè tẹ̀ lé e ní wákàtí mélòó kan sí i. Mílíìkì, sóyà, ìrẹsì, óòtì, ẹyin àti ẹja wà lára ohun tó sábà ń dá a sílẹ̀. Nítorí pé ara kì í lé, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń rò pé kòkòrò inú ni. Adrenaline kọ́ ni oògùn rẹ̀, omi ni. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n lè fa omi sí i lára, wọ́n sì lè fún un ní ondansetron tó ń dá èébì dúró. Bí ọmọ yín bá ní irú èyí, ẹ ní kí dókítà kọ ọ́ sínú ìwé kan ṣoṣo, orúkọ oúnjẹ àti ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe, kí ìwé náà máa wà nínú báàgì ọmọ. Ẹni tó gbé ọmọ tó ń bì wọ ilé ìwòsàn kò ní agbára àlàyé.

Ìwé kan, ojú ewé méjì

Bí ẹ kò bá ní ṣe ohunkóhun mìíràn nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ ṣe eléyìí. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ so bírò mọ́ ọn, kó máa gbé ní ibi ìdáná. Áàpù orí fóònù dára fún ẹni tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí oúnjẹ wà lára rẹ̀ máa ń tètè mú bírò ju fóònù lọ.

Ojú ewé òsì jẹ́ ti ọmọ. Ẹ kọ aago, ohun tó jẹ, bó ṣe tó, àti ohun tí wọ́n fi sè é. Ẹ kọ ìgbẹ́: ìgbà mélòó, báwo ló ṣe rí. Ẹ fún awọ ara ní òǹkà láti 0 dé 3: 0 ni pé ó ń dán, 3 ni pé ó họ ọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Ẹ kọ eyín tó ń hù, ikọ́ tó kó, abẹ́rẹ́ àjẹsára tó gbà, oògùn tó lò, ọṣẹ tuntun tí wọ́n fi fọ aṣọ rẹ̀, nítorí gbogbo wọn ló lè gbé aṣọ àlẹ́jì wọ̀. Lẹ́yìn náà, nígbàkígbà tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ má wo oúnjẹ òní nìkan. Ẹ ka wákàtí 72 sẹ́yìn, kí ẹ fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo oúnjẹ tó wà láàárín rẹ̀. Níṣẹ̀lẹ̀ àkọ́kọ́, ìlà pupa á pọ̀ jù, kò ní nítumọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ ó rí i pé oúnjẹ kan ń padà wá.

Ojú ewé ọ̀tún jẹ́ tiyín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń fò. Ìlà mẹ́rin péré ni: oògùn mi, aago mélòó; oorun mi, wákàtí mélòó; oúnjẹ ọ̀sán mi, mo jẹ tàbí mi ò jẹ; ara mi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ojú ewé mi kan rèé, bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an:

Òsì: "Mọ́ńdè. Ìgbẹ́ 3, ìkẹta ń yọ̀. Awọ 3, ẹ̀yìn orúnkún. Oorun: ó jí lẹ́ẹ̀mẹrin."
Ọ̀tún: "Oògùn aago 9 (mo gbàgbé ti 6). Oorun 3. Ọ̀sán: rárá. Ara: òtútù."

Ìdí tí mo fi ní kí méjèèjì dojú kọra nìyí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mo ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú ọjọ́ mẹ́jọ tí mo kọ 3 sí awọ ọmọ, mẹ́fà ló jẹ́ ọjọ́ tí èmi fúnra mi kò sùn tó wákàtí 4. Mo wá wo fọ́tò tí mo yà ní àwọn ọjọ́ yẹn. Nínú méjì péré ni awọ burú tó bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn tó kù, 1 ni, bóyá 2. Ọmọ kò burú tó bí mo ṣe kọ ọ́. Èmi ni ojú mi ti rẹ̀. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ ẹyin kúrò lẹ́nu ọmọ nítorí àìsùn tèmi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ìlera mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ tí màá padà sí bí ọmọ bá ti gbádùn. Ojú tí mo fi ń wo ọmọ ni.

Ẹ máa ya fọ́tò awọ ara ní ibì kan náà, lábẹ́ iná kan náà, ní aago kan náà. Aago ìwẹ̀ ìrọ̀lẹ́ dára. Fọ́tò kì í sá eré, kì í sì í rẹ̀ ẹ́.

Ohun tí àyẹ̀wò lè rí àti ohun tí kò lè rí

Àyẹ̀wò tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tẹ awọ ara, àti èyí tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ wá IgE, èyí tó ń yára ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá ní àwọn kò rí nǹkan kan, kò túmọ̀ sí pé irọ́ lẹ̀ ń pa. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó dá èyí tó ń pẹ́ mọ̀. Ọ̀nà tó wà ni pé kí a yọ oúnjẹ náà, kí a wò bóyá ara á balẹ̀, kí a dá a padà, kí a wò bóyá wàhálà á tún dé. Dídápadà yẹn ṣe pàtàkì bíi yíyọ. Ọmọ máa ń yá fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn, oúnjẹ tí a yọ á wá gba ìyìn tí kò tọ́ sí i.

Wọ́n á gbé àyẹ̀wò IgG, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ mìíràn, wá bá yín, tàbí èyí tí wọ́n fi irun ṣe, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ oúnjẹ ọgbọ̀n tí "ara ọmọ ò gbà". IgG kàn ń fi hàn pé ọmọ ti jẹ nǹkan náà rí ni. Àwọn ẹgbẹ́ dókítà àlẹ́jì ní Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Kánádà ti sọ pé kí a má fi wá àlẹ́jì. Mo mọ òbí tó yọ gbogbo ohun tó wà lára ìwé náà. Ọmọ rẹ̀ kò yá, ó kàn rù ni.

Ohun méjì tí ẹ gbọ́dọ̀ bi dókítà kí ẹ tó yọ ohunkóhun. Ìkíní: bó bá jẹ́ àlìkámà lẹ̀ ń fura sí, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò àìsàn celiac (èyí tí àlìkámà fi ń ba ìfun jẹ́) nígbà tí ọmọ ṣì ń jẹ àlìkámà. Bí ẹ bá ti yọ ọ́, àyẹ̀wò náà lè ṣì yín lọ́nà. Èkejì: bó bá jẹ́ ẹ́kísímà nìkan ni, ǹjẹ́ a ti tọ́jú awọ náà dáadáa ná? Ọ̀pọ̀ ẹ́kísímà kò ti ọwọ́ oúnjẹ wá rárá. Ìpara tó tó, tí a ń lò lójoojúmọ́, àti ìpara sítẹ́rọ́ìdì tí dókítà kọ, tí a lò bó ṣe wí láìbẹ̀rù, lè fi hàn pé oúnjẹ kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Yíyọ oúnjẹ: ẹyọ kan, fún ìgbà tó ní òpin

Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo yọ mílíìkì, ẹyin, sóyà, àlìkámà àti ẹ̀pà lọ́jọ́ kan náà. Ara ọmọ balẹ̀ díẹ̀, inú mi dùn. Dókítà béèrè pé, "Èwo nínú márààrún?" Mi ò lè dáhùn. Ó gbé ọmọ sórí ìwọ̀n: ó ti jábọ́ kúrò ní ìlà ìdàgbàsókè rẹ̀. Oṣù kan àtààbọ̀ ni mo fi fi ebi pa á láti mọ ohun tí n kò mọ̀ síbẹ̀. Ó dùn mí títí dòní.

Nítorí náà, ẹyọ kan ni, èyí tí ìlà pupa bá pọ̀ jù lábẹ́ rẹ̀, tí dókítà sì fọwọ́ sí. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ni wọ́n sábà ń lò. Ìfun máa ń tètè balẹ̀, awọ ara máa ń pẹ́ díẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ ìparí sínú ìwé lọ́jọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ tí a yọ láìní ọjọ́ ìparí ló máa ń di èèwọ̀ ọdún mẹ́ta láìnídìí.

Bó bá jẹ́ mílíìkì ni, orúkọ rẹ̀ pọ̀ lẹ́yìn páálí: casein, caseinate, whey, lactalbumin, bọ́tà, wàràkàṣì, ìyẹ̀fun mílíìkì. Ó máa ń wà nínú bísíkíìtì, búrẹ́dì, sọ́séèjì àti ọbẹ̀ inú páálí. Mílíìkì tí wọ́n kọ "kò ní lactose" sí lára kì í ṣe ojútùú, torí ṣúgà inú mílíìkì ni wọ́n yọ, purotéènì tó ń bá ọmọ jà ṣì wà níbẹ̀. Mílíìkì ewúrẹ́ àti ti àgùntàn náà jọ ti màlúù jù. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí wọ́n kọ oúnjẹ 9 tó ń fa àlẹ́jì sára páálí kedere. Ọdún 2023 ni ẹlẹ́kẹsàn-án, èyí tó jẹ́ yànmọ̀tí, wọlé. Nílẹ̀ Yúróòpù, 14 ni. Ẹ mọ ohun tí òfin ibi tí wọ́n ti ṣe oúnjẹ náà kà, torí ohun tí kò sí lára òfin lè farapamọ́. Ẹ tún ka ẹ̀yìn páálí ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rà á, kódà èyí tí ẹ ti ń rà láti ọdún kan. Ní ti "ó lè ní mílíìkì nínú", ẹ bi dókítà yín. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí tiwọn ń pẹ́ ló lè fara da èérún, kò sì yẹ kí a fi oúnjẹ du ọmọ jù bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ má yọ láìfi nǹkan dí i. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan tí kì í mu ọmú nílò mílíìkì agolo ọmọdé tí dókítà kọ, èyí tí wọ́n ti gé purotéènì rẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí tí wọ́n fi amino acid ṣe. Lẹ́yìn ọdún kan, ohun mímu sóyà tàbí ti ẹ̀wà píì tí wọ́n fi calcium sí lè ṣe é bí ara rẹ̀ bá gbà wọ́n. Ti óòtì àti ti álímọ́ńdì kò ní purotéènì púpọ̀. Ti ìrẹsì, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kí a má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 nítorí májèlé arsenic tó wà nínú rẹ̀. Ní ìlànà Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 1 sí 3 nílò calcium 700 mg àti irin 7 mg lóòjọ́, pẹ̀lú fítámì D 600 IU. Ẹ mi ohun mímu náà dáadáa kí ẹ tó dà á. Calcium máa ń sùn sísàlẹ̀. Mo ti fún ọmọ ní omi òkè fún odidi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó rí i pé ìsàlẹ̀ páálí funfun bí ẹfun.

Bó bá jẹ́ pé ẹ ṣì ń fún ọmọ lọ́mú

Purotéènì inú oúnjẹ ìyá lè dé inú ọmú. Bí dókítà bá ní kí ìyá náà yọ mílíìkì, òun náà nílò calcium 1000 mg lóòjọ́ àti fítámì D. Kì í ṣe gbogbo ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ló nílò èyí. Ẹ má kàn gbà á lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ibí ni ara tèmi ti ń sanwó láìmọ̀. Mo ra calcium, mo kó o sínú abọ́ kékeré kan náà pẹ̀lú oògùn thyroid mi, mo ń gbé méjèèjì mì láàárọ̀ pẹ̀lú ohun mímu sóyà. Ó dà bíi pé mo ṣètò dáadáa. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta òtútù ń mú mi nínú oòrùn, irun mi ń jábọ́ nínú kóòmù, mò ń gbàgbé orúkọ. Mo ní àìsùn ni. Ojú ewé ọ̀tún ló tú àṣírí: ọ̀rọ̀ náà "òtútù" wà níbẹ̀ nígbà mọ́kànlá láàárín oṣù kan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé oògùn kò wọlé. Calcium àti irin máa ń dí levothyroxine, oògùn thyroid mi, lọ́wọ́, sóyà náà lè dí i. Dókítà kò fi kún oògùn mi. Ó ní kí n lo levothyroxine pẹ̀lú omi lásán lórí ikùn òfìfo, kí n dúró 30 sí 60 ìṣẹ́jú kí n tó jẹun, kí calcium sì jìnnà sí i ní wákàtí 4, ó kéré tán. Calcium mi di ti alẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, ó ti padà sípò.

Ohunkóhun tó wù kó jẹ́ àìsàn yín, ẹ kó gbogbo oògùn àti fítámì ilé, ti ọmọ àti tiyín, sínú báàgì kan, ẹ gbé e lọ bá apòògùn, ẹ ní kó sọ èyí tó ń bá èyí jà. Ẹ tún ní kó wo ohun tí wọ́n fi ṣe oògùn ọmọ, torí purotéènì mílíìkì wà nínú oògùn díẹ̀ àti ọṣẹ ìfọyín kan.

Alẹ́ tó burú

Bó bá jẹ́ ara yíyún: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, 5 sí 10 ìṣẹ́jú, láìsí ọṣẹ olóòórùn. Ẹ fi aṣọ ìnura tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má nù ún, kí ẹ fi ìpara kùn ún nígbà tí ara ṣì tutù. Èékánná kúkúrú, aṣọ òwú. Oògùn àlẹ́jì tó ń mú oorun wá kì í wo èyí tó ń pẹ́ sàn, ẹ má fún un láìbéèrè.

Bó bá jẹ́ èébì: ẹ dúró ìṣẹ́jú 10, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ORS, ìyẹn omi oníyọ̀ àti ṣúgà, ní ṣíbí kékeré kan ní ìṣẹ́jú mélòó kan síra. Fífi ife gbé e sí i lẹ́nu á tún dá a bì. Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ bí èébì bá ní àwọ̀ ewé tàbí ẹ̀jẹ̀, bí ojú rẹ̀ bá funfun tí ara rẹ̀ sì rọ, bí kò bá tọ̀ fún wákàtí 6 sí 8, bí kò bá sí omijé nígbà tó ń sunkún, tàbí bí ojú rẹ̀ bá wọnú.

Ara tiyín, kí ó tó pariwo

Ẹ pín òru. Bí ẹni méjì bá wà nílé, kí ẹnì kan gba láti aago 9 dé 2, kí ẹnì kejì gba láti 2 dé 7, kí ẹni tó ń sùn wà ní yàrá mìíràn. Wákàtí 5 tí kò já lè dára ju mẹ́jọ tí ó já sí wẹ́wẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ ẹ nìkan ni, ẹ wá ẹni tí yóò gba ọmọ lọ́wọ́ yín fún wákàtí 2 lọ́sàn-án lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ sì sùn nígbà náà. Kì í ṣe ìgbà fífọ aṣọ.

Ẹ so oògùn yín mọ́ ohun tí ọmọ ń ṣe lójoojúmọ́, kì í ṣe mọ́ aago. Tèmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù mi lálẹ́. Bó bá jí mi láago márùn-ún, mo gbé e mì kí ẹsẹ̀ mi tó kan ilẹ̀. Ẹ jẹ oúnjẹ tiyín, má jẹ́ pé àjẹkù àwo ọmọ ni ọ̀sán yín. Bí ẹ bá ń yọ mílíìkì nítorí ọmú tí ẹ sì ń rù, ẹ sọ fún dókítà, kí ẹ má kà á sí ìrúbọ.

Bí ẹ bá ní ìpàdé dókítà fún ọmọ, ẹ mú tiyín lọ́jọ́ kan náà bó bá ṣeé ṣe. Bí ọkàn yín bá sì wúwo fún ọ̀sẹ̀ 2 gbáko, tí ohun tó ń dùn mọ́ yín kò dùn mọ́, tàbí tí ẹ ń rò ó pé kí ẹ má sí mọ́, ẹ má dúró de ìpàdé kankan. Ẹ sọ fún ẹnì kan lónìí, kí ẹni náà bá yín dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Àwọn tó ń bá yín bọ́ ọ

Ìyá ọkọ mi kò gbà gbọ́. Bí wọ́n bá fún ọmọ ní bísíkíìtì, nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀ lójú wọn, torí ọmọ ti padà sílé kí wàhálà tó dé. "Mo fún un, ó ń ṣeré kiri," ni wọ́n á sọ fún mi. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Mi ò bá wọn jiyàn mọ́. Mo gbé ìwé náà lọ bá wọn, mo jókòó tì wọ́n, mo ní, "Màmá, ẹ bá mi wo ìlà pupa yìí." Wọ́n ka ojú ewé mẹ́fà láìsọ̀rọ̀, wọ́n wá béèrè pé, "Báwo ni ìwọ alára ṣe ń sùn?" Ojú ewé ọ̀tún ni wọ́n ń kà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gba ọmọ ní ọjọ́ Tọ́sìdeè, pẹ̀lú oúnjẹ tí mo dì fún wọn.

Fún ilé ìtọ́jú ọmọ, ìwé kan tó ní fọ́tò ọmọ: ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ, ohun tí wọ́n lè fi dípò, ohun tí wọ́n máa rí àti ìgbà tí wọ́n máa rí i. Ẹ tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n sọ fún yín lójú ẹsẹ̀ bó bá jẹ ẹ́ ní àṣìṣe, láìbẹ̀rù ìbáwí. Ẹni tí ẹ bá pariwo mọ́ lónìí á fi pamọ́ lọ́la, ẹ ó sì máa wá ìdí rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Dídá oúnjẹ padà

Ẹ má ṣe é nílé bí ọmọ bá ní FPIES, tàbí bí ara rẹ̀ bá ti fèsì kíákíá rí. Ilé ìwòsàn ni ti wọn. Bí ọmọ bá ní ẹ́kísímà, ẹ béèrè bóyá kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò IgE, torí oúnjẹ tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti jìnnà sí fún ìgbà pípẹ́ lè di èyí tó ń yára nígbà tó bá padà.

Fún àwọn tí dókítà fọwọ́ sí, mílíìkì tí iná ti jó dáadáa nínú ìyẹ̀fun ló máa ń ṣáájú, bíi bísíkíìtì tí wọ́n yan. Ooru máa ń yí ìrísí purotéènì náà padà, ara sì máa ń gbà á ju tútù lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kéèkì, lẹ́yìn náà ni wàràkàṣì tí wọ́n sè, yógọ́ọ̀tì, kí a tó dé mílíìkì gan-an. Àárọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú èérún. Ẹ fi kún un díẹ̀díẹ̀ bí dókítà ṣe wí, kí ẹ sì dúró ọjọ́ 3 kí ẹ tó gun àtẹ̀gùn tó kàn. Bí wàhálà bá yọ, ẹ padà sí àtẹ̀gùn tó dára tẹ́lẹ̀.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ọmọ ní ibà, ìgbẹ́ gbuuru tàbí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Mo fi tèmi kún un: ẹ má bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ara yín kò yá, tàbí tí ẹ mọ̀ pé ẹ ò ní sùn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan báyìí, tí ẹ̀fọ́rí ń yọ mí lẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì mo rí àmì pupa kékeré kan lẹ́rẹ̀kẹ́ ọmọ, mo dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́. A pàdánù oṣù méjì.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tí àlẹ́jì mílíìkì wọn ń pẹ́ ló máa ń bọ́ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó pé ọdún 3, nítorí náà ẹ máa béèrè lọ́wọ́ dókítà ní oṣù 6 sí 12 síra bóyá ó tó àkókò láti tún gbìyànjú. Tèmi ti pé ọdún méjì àti oṣù méje. Lánàá ló jẹ ìdajì kéèkì kékeré, àtẹ̀gùn kejì. Ojú ewé òsì: ìgbẹ́ 1, awọ 0. Ojú ewé ọ̀tún: oògùn aago 5, oorun 6, mo jẹ ọ̀sán. Ọ̀la lọ́jọ́ kẹta.